Open Food Facts: ó mọ ọ̀rá àti agolo ju bó ṣe mọ oúnjẹ wa lọ

Ọ̀fẹ́ ni áàpù Open Food Facts. Kò sí ìpolówó ọjà nínú rẹ̀, ẹ sì lè fi ka ọjà láìforúkọ sílẹ̀. Ẹ ó gbé fóònù sí àwọn ìlà dúdú tó wà lẹ́yìn páálí tàbí agolo, ojú ìwé ọjà náà yóò ṣí: èròjà rẹ̀, ṣúgà àti iyọ̀ inú rẹ̀, ohun tí wọ́n fi dì í, àti lẹ́tà kan tó ń sọ bó ṣe ń pa àyíká lára tó. Stéphane Gigandet ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní Faransé ní 2012. Ẹgbẹ́ tí kì í wá èrè ló ń bójú tó o. Ọjà tó wà níbẹ̀ ti lé ní mílíọ̀nù 3, ẹnikẹ́ni tó bá sì ní fóònù lè fi kún un, bí wọ́n ṣe ń kọ Wikipedia.

Lẹ́tà yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn torí ẹ̀ gbà á sórí fóònù. Fún ẹni tó ń ra ọjà ní Ìbàdàn tàbí ní Kútọnu, òun gan-an ni apá tí kò yẹ kí ẹ fọkàn tẹ̀. Tábìlì ìdìpọ̀, ìyẹn ti ohun tí wọ́n fi di ọjà, tó wà nísàlẹ̀, tí ọ̀pọ̀ kì í yí ojú ìwé dé, ló níye lórí jù.

Green-Score ni wọ́n ń pe lẹ́tà náà báyìí. Eco-Score ló ń jẹ́ nígbà tó jáde ní 2021. Ìsọ̀rí tí ọjà wà ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò, tí wọ́n á sì wá a nínú Agribalyse, àkójọ tí ADEME, àjọ ìjọba Faransé lórí ọ̀rọ̀ àyíká, ń bójú tó. Nǹkan bí 2,500 oúnjẹ ló wà nínú Agribalyse, wọ́n sì fi òṣùwọ̀n 16 wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan láti oko títí dé orí tábìlì: omi tó gbà, ilẹ̀ tó gbà, èéfín tó tú sójú ọ̀run, àti àwọn yòókù. Ibẹ̀ ni máàkì àkọ́kọ́ ti ń jáde. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa fi kún un, tí wọ́n á sì máa yọ nínú rẹ̀. Nínú ìlànà 2021, àmì Yúróòpù fún oúnjẹ tí wọn kò fi kẹ́míkà gbìn ń fi 15 kún un. Epo ọ̀pẹ tí kò ní ìwé ẹ̀rí RSPO, àjọ tó ń jẹ́rìí sí epo ọ̀pẹ tí kò ba àyíká jẹ́, ń yọ 10. Ohun tí wọ́n fi dì í lè yọ tó 15. Bí kò bá sí ẹni tó kọ nǹkan kan nípa ìdìpọ̀, gbogbo 15 náà ni wọ́n á yọ. Bí kò bá sí àkọsílẹ̀ ibi tí èròjà ti wá, 5 tún lọ.

Ẹ wá wò ó. D, tó jẹ́ lẹ́tà tí kò dára, lè túmọ̀ sí pé ọjà náà ń ba àyíká jẹ́ lóòótọ́, ó sì lè túmọ̀ sí pé kò tíì sí ẹni tó ya fọ́tò ẹ̀yìn rẹ̀. Bákan náà ni méjèèjì rí lójú fóònù. Àfi kí ẹ fọwọ́ tẹ lẹ́tà náà, kí ẹ ka àlàyé tó wà lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì wo ibi tí wọ́n ti yọ máàkì nítorí àkọsílẹ̀ tí kò pé.

Ọ̀rọ̀ epo ló dùn wá jù níbẹ̀. Máàkì 10 tí wọ́n ń yọ yẹn, igbó tí wọ́n gé ní Indonéṣíà àti Màléṣíà láti gbin ọ̀pẹ ló fà á, ẹjọ́ yẹn sì tọ́. Ṣùgbọ́n Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ọ̀pẹ ti ṣẹ̀. Epo pupa tí a fún lára ọ̀pẹ tó ń hù láàárín kòkó àti ẹ̀gẹ́ kì í sábà ní ìwé ẹ̀rí RSPO, nítorí owó àti ìwé kíkọ tó wà nídìí rẹ̀ ju agbára oko kékeré lọ. Kì í ṣe pé oko ọ̀pẹ ńláńlá kò gé igbó nílẹ̀ wa. Wọ́n ń gé e. Àkójọ náà ni kò lè ya èyí kúrò lára ìyẹn, torí ọ̀rọ̀ «palm oil» tó wà lẹ́yìn ike nìkan ló rí.

Ẹ jẹ́ ká wá sí tábìlì ìdìpọ̀. Fọ́tò mẹ́rin ni áàpù ń béèrè: iwájú, èròjà, tábìlì àṣaralóore, àti àmì ìdìpọ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ ó kọ ẹ̀yà ìdìpọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: iye rẹ̀, ìrísí rẹ̀, ohun tí wọ́n fi ṣe é, ohun tó yẹ ká fi ṣe lẹ́yìn ìlò, àti ìwúwo rẹ̀ nígbà tó ṣófo. Igo omi kan ṣoṣo jẹ́ ẹ̀yà mẹ́ta: igo fúnra rẹ̀ jẹ́ irú ike tí wọ́n ń pè ní PET, nọ́ńbà 1, ìdérí rẹ̀ jẹ́ HDPE, nọ́ńbà 2, tàbí PP, nọ́ńbà 5, tí àwọn náà jẹ́ irú ike, lébẹ́ẹ̀lì jẹ́ ẹ̀yà kẹta. Ẹni tó bá kọ «ike» nìkan ti pa iṣẹ́ náà, torí ọ̀tọ̀ ni ibi tí àwọn tó ń ra ike ń kó ìdérí sí, ọ̀tọ̀ ni ti igo.

Ìwúwo ni wọ́n máa ń ṣì jù. Ìdérí kan kò wúwo tó ohun tí òṣùwọ̀n ilé ìdáná lè kà dáadáa. Ẹ kó ìdérí 10 jọ, ẹ fọ̀ wọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbẹ, ẹ wọ̀n wọ́n pọ̀, kí ẹ sì fi 10 pín in. Bí ó bá jẹ́ agolo, òòfà ni kí ẹ fi dán an wò: bó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin ni, bí kò bá lẹ̀, alumíníọ́mù ni. Ọ̀rá kékeré tó ń dán nínú, irú èyí tí wọ́n ń di mílíìkì ẹlẹ́bú sí, ike àti alumíníọ́mù ni wọ́n lẹ̀ pọ̀. Bí wọ́n bá kọ nọ́ńbà sí i, 90 ló máa ń jẹ́. Páálí wàrà tó ní bébà, ike àti alumíníọ́mù jẹ́ 84. Kì í rọrùn láti ya àwọn ìpele yìí sọ́tọ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ra pàǹtírí fi máa ń dá wọn padà. Nọ́ńbà inú igun mẹ́ta kò ṣèlérí pé ẹnikẹ́ni yóò tún nǹkan náà lò. Ohun tí wọ́n fi ṣe é nìkan ló ń sọ. Fóòmù funfun tí wọ́n ń bu oúnjẹ sí ní nọ́ńbà tirẹ̀, 6, ìjọba Èkó sì kéde ní oṣù kìíní 2024 pé àwọn fòfin dè é.

Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ Semantic Web ti wọlé, ohun tí Tim Berners-Lee, ẹni tó dá Web sílẹ̀, àti àwọn méjì mìíràn ṣàlàyé ní 2001: kí kọ̀ǹpútà mọ ohun tí ọ̀rọ̀ ń tọ́ka sí, kó má kàn mọ lẹ́tà rẹ̀. Nínú tábìlì yìí, PP kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán. Àmì ìdánimọ̀ rẹ̀ ni en:pp-5-polypropylene, òbí rẹ̀ nínú igi ìsọ̀rí, níbi tí ìsọ̀rí ńlá ti ń jẹ́ òbí fún kékeré, sì ni ike. Ará Faransé lè fi èdè rẹ̀ kọ ọ́, ará Jámánì lè fi tirẹ̀ kọ ọ́, ibì kan náà ni méjèèjì já sí. Ẹni tó bá béèrè gbogbo ọjà tó wà nínú ike yóò rí PP, PET àti HDPE papọ̀ láìdárúkọ wọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àmì yìí tún ní nọ́ńbà nínú Wikidata, àkójọ ìmọ̀ tó jẹ́ ìbátan Wikipedia, tí ẹ lè gbé lọ sí query.wikidata.org, kí ẹ sì fi SPARQL, èdè tí wọ́n fi ń bi irú àkójọ bẹ́ẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀, béèrè orúkọ rẹ̀ ní èdè tó ní kóòdù yo, ìyẹn Yorùbá. Ìṣẹ́jú àáyá 60 ni wọ́n fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á gé e.

Oúnjẹ wa ni igi ìsọ̀rí náà kò tíì mọ̀ tó. Bí ẹ bá tẹ ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú igi, ká ní «èlùbọ́», wọ́n á gbà á, ṣùgbọ́n yo:èlùbọ́ ló máa dúró sí, láìní òbí, láìní ọmọ. Kò ní bá ohunkóhun nínú Agribalyse mu, lẹ́tà kò sì ní jáde. Ẹ kọ́kọ́ wo àwọn ọ̀rọ̀ tó ń yọ bí ẹ ṣe ń tẹ̀wé, kí ẹ mú èyí tó bá a mu. Bí kò bá sí, orí GitHub, ojúlé tí àwọn akọ̀wé ètò kọ̀ǹpútà ń kó fáìlì sí, ni fáìlì igi náà wà, ìwé lásán ni: ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú < ń sọ òbí, ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú yo: ń sọ orúkọ Yorùbá, kọ́mà ló ń pín orúkọ kan sí èkejì. Àpẹẹrẹ ni yo: epo pupa, epo ọ̀pẹ. Ẹ ṣọ́ra fún àmì ohùn. Kò sí lẹ́tà ẹyọ kan fún ọ́ olóhùn òkè tó tún ní àmì nísàlẹ̀. Bọ́tìnnì fóònù kan lè tò ó pọ̀ lọ́nà kan, òmíràn á tò ó lọ́nà mìíràn, kọ̀ǹpútà á sì rò pé ọ̀rọ̀ méjì ni. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di NFC, ọ̀nà kan ṣoṣo tí wọ́n gbà ń to lẹ́tà àti àmì pọ̀, kí ẹ tó fi ránṣẹ́.

Lórí báàkóòdù, 615 tó wà níwájú kò sọ pé Nàìjíríà ni wọ́n ti ṣe ọjà náà. GS1 Nàìjíríà, ẹgbẹ́ tó ń pín nọ́ńbà báàkóòdù, ló fún ilé iṣẹ́ ní nọ́ńbà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nọ́ńbà olóókan 13 tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 2 jẹ́ ti inú ṣọ́ọ̀bù, irú èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹran tí wọ́n wọ̀n. Ẹ má fi kún àkójọ, torí ṣọ́ọ̀bù mìíràn lè fi nọ́ńbà kan náà sára ẹja. Nọ́ńbà NAFDAC kì í ṣe báàkóòdù. Ọ̀pọ̀ gàrí inú ọ̀rá àti píọ̀ wọ́tà kò ní báàkóòdù rárá, fóònù kò sì rí ohun tó máa kà. Àlèébù ńlá nìyí, torí ọ̀rá wọn ló kún gọ́tà wa.

Fún ẹ̀yin tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà: world.openfoodfacts.org/api/v2/product/ ni kí ẹ kọ, kí báàkóòdù tẹ̀ lé e, kí ẹ sì fi ?fields=product_name,packagings parí rẹ̀, kí dátà yín má baà jó. Ẹ kọ orúkọ ètò yín sínú User-Agent. Ẹ má fi ìwákiri ṣe eré, ó ní iye tí wọ́n gbà láàárín ìṣẹ́jú kan. Wọ́n fún fáìlì CSV gbogbo àkójọ pọ̀, ó sì máa ń tóbi sí i lọ́pọ̀lọpọ̀ bí ẹ bá tú u, nítorí náà ẹ wo àyè tó kù lórí kọ̀ǹpútà yín kí ẹ tó tú u. ODbL ni ìwé àṣẹ rẹ̀: ẹ ó dárúkọ Open Food Facts, bí ẹ bá sì tún àkójọ náà ṣe tí ẹ gbé e síta, abẹ́ ìwé àṣẹ yẹn kan náà ló gbọ́dọ̀ wà.