Ruffle jí àwọn fáìlì Flash mi dìde

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ní fáìlì .swf nínú kọ̀ǹpútà yín, ìyẹn àwòrán tó ń rìn, eré tàbí ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi Flash ṣe fún ìkànnì láyé àtijọ́, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ Ruffle fún yín, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣí irú fáìlì bẹ́ẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, kóòdù rẹ̀ sì wà ní gbangba fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Ẹ̀kọ́ ìṣirò tí mo fi Flash ṣe fún àwọn ọmọdé ni mo gbé sí i: ọsàn kan tí ọmọ máa fi máòsì là sí méjì, kó tún un là sí mẹ́rin, kí ohùn kan sì kí i pé "O káre!" Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́, ọsàn là, awẹ́ kọ̀ọ̀kan yí lọ sí àyè rẹ̀, mo sì gbọ́ "O káre!" ketekete. Inú mi dùn kọjá sísọ.

Ní 31 oṣù Kejìlá 2020 ni àtìlẹ́yìn parí fún Flash Player, ètò tá a fi ń ṣí fáìlì Flash tẹ́lẹ̀. Nígbà tó di 12 oṣù Kìíní 2021, Player náà fúnra rẹ̀ kò ṣí fáìlì mọ́. Fáìlì wà digbí o, ohun tó máa ṣí i ni kò sí. Bí plugin (ètò àfikún inú browser) tó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ṣe máa ń rí nìyẹn: ọjọ́ tí onílé bá ti ilẹ̀kùn, inú ilé ni ẹrù gbogbo èèyàn máa wà.

Ruffle kò gba ọ̀nà yẹn rárá. Rust, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ni wọ́n fi kọ ọ́, WebAssembly ló sì fi ń ṣiṣẹ́ nínú browser, ìlànà fún irú kóòdù tí browser lè ṣiṣẹ́ lé lórí, tí W3C, ẹgbẹ́ tó ń gbé ìlànà ìkànnì kalẹ̀, fọwọ́ sí ní 2019, tí Chrome, Firefox àti Safari jọ ń lò. Ìdí tí mo fi fọkàn tán an nìyẹn. Ìlà JavaScript kan péré ni mo fi sí ìkànnì mi. Ẹni tó bá wá síbẹ̀ kò ní gbé nǹkan kan sórí ẹ̀rọ rẹ̀. Kódà iPhone, tí kò gba Flash láti ọjọ́ tó ti dáyé, ń la ọsàn yẹn báyìí!

Ẹ̀kọ́ tuntun, HTML5 ni mo fi ń ṣe wọn. Àwọn ti àtijọ́ ni mo fi lé Ruffle lọ́wọ́.

Ibi tó kù sí ni ActionScript 3, ẹ̀dà kẹta èdè tí wọ́n fi ń kọ àṣẹ sínú fáìlì Flash. Fáìlì tí wọ́n fi ActionScript 1 tàbí 2 kọ máa ń lọ geere, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe Ruffle fúnra wọn sọ ọ́ pé iṣẹ́ kò tíì parí lórí ẹ̀kẹta yìí. Tó bá jẹ́ eré ńlá tó ní bọ́tìnnì rẹpẹtẹ, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò látìbẹ̀rẹ̀ dópin kẹ́ ẹ tó fi han ẹnikẹ́ni, ẹ má sì pa .fla yín rẹ́, ìyẹn fáìlì ìpilẹ̀ tẹ́ ẹ ti ṣe .swf jáde.