Tírọ́lì oúnjẹ inú bàálù, gígùn àti kúkúrú: bíréèkì ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò

Tí wọ́n bá kó tírọ́lì tuntun dé, iye tíréè tó lè gbà àti bí ara rẹ̀ ṣe ń dán ló máa ń gba ojú èèyàn. Àwọn tó ń tì í lójoojúmọ́ mọ̀ pé ibẹ̀ kọ́ ni iṣẹ́ wà. Tírọ́lì tó ń gba ẹrù púpọ̀ ṣùgbọ́n tí bíréèkì rẹ̀ kò mú, ewu ni fún ẹni tó ń tì í, ewu ni fún èrò tó jókòó. Oríṣi tí à ń yẹ̀ wò níbí ni èyí tí wọ́n ṣe sí ìwọ̀n ATLAS, ìyẹn ìlànà ìwọ̀n kan fún ohun èlò kíṣìnì bàálù, tó wọ́pọ̀ gan-an nínú bàálù èrò. Gígùn wà, kúkúrú sì wà.

Àwọn méjèèjì fẹ̀ ní mìlímítà 302, wọ́n sì ga ní 1,030. Inú gígùn nìkan ni wọ́n ti yàtọ̀: ọ̀kan jẹ́ mìlímítà 810, èkejì jẹ́ 405. Ẹ wá fi ìyẹn wé ojú ọ̀nà tó wà láàárín ìjókòó. Nínú bàálù ńlá tó ń gba èrò 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, òfin Amẹ́ríkà ní kí ọ̀nà náà fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 38, ó kéré tán, láti ilẹ̀ títí dé nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 64 sókè, kó sì fẹ̀ tó 51 láti ibẹ̀ lọ. Níbi tí wọ́n bá ti lo ìwọ̀n tó kéré jù yẹn, sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin péré ló ṣẹ́ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, níbi tí orúnkún àti ìka ẹsẹ̀ èrò wà. Ìdí nìyẹn tí rọ́bà tó wà ní igun ìsàlẹ̀ tírọ́lì fi ṣe pàtàkì ju ọ̀dà ara rẹ̀ lọ. Tí rọ́bà yẹn bá ti ya tàbí tó ti bọ́, irin ni yóò máa gbá èrò lórúnkún. Òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ a máa kìlọ̀ kó tó tì í: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fa ọwọ́ àtẹsẹ̀ wọlé." A sì tún máa wo ẹsẹ̀ àwọn tó ń sùn, torí wọn ò ní gbọ́.

Bíréèkì ló kàn. Pẹ́dà méjì ló wà nísàlẹ̀: pupa ń mú un dúró, àwọ̀ ewé ń tú u sílẹ̀. Ẹ tẹ pupa títí kò fi ní lè wọlé mọ́, kí ẹ wá fi ìbàdí ti tírọ́lì náà díẹ̀ kí ẹ tó ṣíwọ́ lára rẹ̀. Kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá dúró ni kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, kódà tó bá jẹ́ ife omi kan ṣoṣo lẹ fẹ́ nà sí ẹnì kan.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá bíréèkì náà dára, ẹ má dán an wò nígbà tí inú tírọ́lì ṣófo, torí tírọ́lì òfìfo kì í sọ òótọ́. Ẹ di ẹrù rẹ̀ kún, ẹ tẹ pupa, kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tì í láti iwájú, kí ẹ tún tì í láti ẹ̀yìn. Kò gbọdọ̀ yẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ àwọ̀ ewé: ó gbọ́dọ̀ tú sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Èyí tí kò bá tú tán ló ń fa wàhálà jù. Òṣìṣẹ́ yóò máa wọ́ ọ lọ bẹ́ẹ̀, táyà tó há yóò máa ha ilẹ̀ títí ojú ibì kan yóò fi pẹlẹbẹ, láti ọjọ́ náà lọ ni yóò sì máa gbọ̀n, tí yóò máa yà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ohun mìíràn tó ń ba bíréèkì jẹ́ ni mínírà àti omi èso tó dà sílẹ̀. Ṣúgà inú wọn á gbẹ mọ́ ìdí pẹ́dà, pẹ́dà á wá máa lẹ̀. Irun orí àti òwú kápẹ́ẹ̀tì náà ń lọ́ mọ́ ìdí táyà. Ẹ dojú tírọ́lì dé nígbà tí ẹ bá ń fọ̀ ọ́, ẹ máa rí wọn níbẹ̀ wìtìwìtì.

Ohun kan wà tí èrò kì í fura sí. Bí bàálù bá tilẹ̀ ti gòkè tán, imú rẹ̀ ṣì máa ń ga ju ìdí rẹ̀ lọ díẹ̀, nǹkan bíi dígírì 2 sí 3. Nítorí náà, ẹni tó bá ń ti tírọ́lì láti ẹ̀yìn lọ síwájú, òkè ló ń gùn. Tírọ́lì gígùn tó kún dáadáa lè súnmọ́ kílò 100. Lórí dígírì 3, agbára tó ń fà á padà sẹ́yìn tó ìwọ̀n ẹrù kílò 5, láìtíì ka bí táyà ṣe le sí. Tí wọ́n bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í pín oúnjẹ nígbà tí bàálù ṣì ń gòkè, ẹ̀yìn àti èjìká ẹni tó wà lápá ìdí bàálù ló ń san gbèsè rẹ̀. Òun náà ni tírọ́lì yóò yí lù bí bíréèkì bá kọ̀.

Nítorí èyí, kúkúrú ni a fara mọ́ fún bàálù tó ní ọ̀nà kan ṣoṣo láàárín. Ẹnì kan lè ṣàkóso rẹ̀, ó rọrùn láti yí nínú kíṣìnì tóóró, ó sì rọrùn láti tètè dá padà bí bàálù bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Gígùn dára níbi tí oúnjẹ bá pọ̀ tí òṣìṣẹ́ méjì sì wà, torí ilẹ̀kùn wà ní orí méjèèjì, kálukú á máa fa tíréè láti ọ̀dọ̀ tirẹ̀. Ẹ má fi ẹnì kan ṣoṣo sídìí rẹ̀. Kúkúrú náà ní àléébù: ó ga ju bí ìdí rẹ̀ ṣe fẹ̀ lọ fíìfíì, ó sì lè ṣubú. Omi àti ohun mímu inú agolo, ìsàlẹ̀ ni kí wọ́n wà. Ife àti bébà ìnuwọ́ ni kó wà lókè. Ẹ má fa àpótí tó wúwo jáde kọjá ìdajì.

Ní ti ara tírọ́lì, èyí tó fúyẹ́ sàn fún ẹni tó ń tì í, ó sì ń dín epo bàálù kù. Kìkì pé kí ẹ wo ilẹ̀kùn dáadáa. Ẹ fi bébà há ẹnu rẹ̀, ẹ tì í, kí ẹ fa bébà náà. Bó bá yọ wẹ́rẹ́, rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn ti kú, kò sì ní pẹ́ tí ooru oúnjẹ tútù yóò fi kọjá 5°C. Yìnyín gbígbẹ (gáàsì kábọ́ọ̀nù dayọ́sáìdì tó dì) tí wọ́n ń kó sókè inú rẹ̀ tutù dé -78.5°C. Ìbọ̀wọ́ ni kí ẹ fi mú un, torí ó ń jó awọ ara. Kì í yọ́ di omi, gáàsì ló ń dà, nítorí náà ẹ má kó púpọ̀ jọ síbi tí afẹ́fẹ́ kò ti ráyè.

Àléébù tó ga jù, tí ilé-iṣẹ́ kankan kò lè fi pẹ́dà yanjú, ni pé bíréèkì kò so tírọ́lì mọ́ ilẹ̀. Táyà nìkan ló mú. Bí bàálù bá já wálẹ̀ lójijì, tírọ́lì lè gbéra nílẹ̀, bíréèkì kò sì ní iṣẹ́ mọ́. Inú kíṣìnì, ìkọ́ méjì ló ń dí i mú ní àyè rẹ̀, wọ́n sì kun ibì kan lára wọn ní pupa kó lè hàn bí wọn kò bá tíì ti dé. Tí ẹ bá rí pupa, kò tíì há. Láàárín ìjókòó, kò sí ìkọ́. Bí ìgbọ̀n bá le tí kò sí àyè láti dá a padà, ẹ tẹ pupa, ẹ gbé ìkòkò kọfí àti tíì sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ jókòó sórí ìjókòó tó bá súnmọ́ yín jù, kí ẹ de bẹ́líìtì. Omi inú bàálù lè hó ní nǹkan bíi 92°C nítorí pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́, ìyẹn sì tó láti bó ara ọmọdé. Ẹ má rọ ìkòkò dé ẹnu.

Tírọ́lì tó bá kùnà nínú ìdánwò bíréèkì, ẹ má kó ẹrù sí i. Ẹ so káàdì "kò ṣiṣẹ́" mọ́ ọn, ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé àbùkù bàálù, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín gbọ́ kí wọ́n tó wọlé.