Àyẹ̀wò OpenTelemetry fún títọ ipasẹ̀ iṣẹ́ aṣojú AI
Ní ọ́fíìsì wa kékeré ní Òkè-Fìà, Òṣogbo, a ní aṣojú AI kan tó ń dá àwọn oníbàárà aláṣọ àdìrẹ kan lóhùn, tó sì ń ṣírò owó ìfiránṣẹ́ fún wọn. Bí ó bá ṣi owó sọ, a kì í mọ ibi tí àṣìṣe náà ti wọlé. Ìdí nìyí tí a fi lo OpenTelemetry, irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tó ń ṣàkọsílẹ̀ ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí ètò kọ̀ǹpútà bá gbé, èyí tí iṣẹ́ àkànṣe méjì, OpenTracing àti OpenCensus, para pọ̀ dá sílẹ̀ ní 2019.

Ohun tó wú mi lórí jù ni pé a kò fọwọ́ kan kóòdù wa. Lẹ́yìn tí a gbé àwọn package tó yẹ sórí Python, àṣẹ opentelemetry-instrument nìkan ni a fi ṣíwájú àṣẹ tí a fi ń gbé iṣẹ́ náà dìde, ó sì fúnra rẹ̀ so mọ́ àwọn láíbírì (kóòdù tí àwọn ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀ fún ìlò) tí ó mọ̀. Ìpè kọ̀ọ̀kan sí àwòṣe èdè tàbí sí àkójọ dátà wá di span kan (àkọsílẹ̀ ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo), pẹ̀lú àkókò tó gbà, wọ́n sì so kọ́ra gẹ́gẹ́ bí òbí àti ọmọ, ìyẹn ìgbésẹ̀ tó pe òmíràn àti èyí tí ó pè. Níbẹ̀ ni a ti rí i pé aṣojú wa (ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín) ń ṣírò owó lẹ́ẹ̀mẹ́ta fún ìbéèrè kan ṣoṣo.

Àmọ́ iṣẹ́ tí ẹ bá fọwọ́ ara yín kọ kò ní hàn níbẹ̀ àfi bí ẹ bá kọ span tirẹ̀. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú kí ẹ tó gbà kí ó tọ́jú ọ̀rọ̀ oníbàárà, nítorí nọ́ńbà fóònù lè bá a wọlé. Máàkì 4 nínú 5 ni mo fún un.