Odindi sàlẹ́ńsà tàbí ìdajì: èwo ni kí ẹ rà fún ọ̀kadà, báwo lẹ ó sì ṣe dè é nílé

Bí ìpẹtà bá ti jẹ ikùn sàlẹ́ńsà dé ibi tí agolo mílíìkì àti wáyà kò lè gbà á sílẹ̀ mọ́, ohun méjì lẹ ó bá ní ṣọ́ọ̀bù pààtì, ì báà jẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣàgámù lẹ ti lọ rà á. Èyí àkọ́kọ́ ni odindi: ọrùn (páìpù tó ti ẹ́ńjìnnì wá) àti ikùn jọ lẹ̀ mọ́ra, ìrísí rẹ̀ bá èyí tó bá ọ̀kadà wá mu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé iṣẹ́ mìíràn ló ṣe é. Èkejì ni ìdajì: ikùn kúkúrú nìkan, tó ń dún kíkankíkan, tí wọ́n ń kì bọ ọrùn tó ti wà lára ọ̀kadà tẹ́lẹ̀. Àwọn méjèèjì ṣeé dè nílé pẹ̀lú sípánà díẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n ń béèrè ni kò dọ́gba.

Lórí káńtà, ìdajì ló sábà máa ń dín owó. Ẹ má tíì sanwó. Ẹ kọ́kọ́ ro owó kílámpù, owó alájórin àti owó jẹ́ẹ̀tì kábúrétọ̀ (ihò kékeré tí epo ń gbà) mọ́ ọn, kí ẹ sì rántí pé ẹ máa gé odindi tó wà lára ọ̀kadà.

Ohun tí ìdajì ń gé

Lára ọ̀pọ̀ ọ̀kadà 100 sí 150 cc tó ń ná títì Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, wọ́n ti jó ọrùn mọ́ ikùn láti ilé iṣẹ́. Kò sí ibi tí ẹ lè tú. Ayùn irin ni ẹ máa fi gé e, tí ẹ bá sì ti gé e, kò sí pípadà sẹ́yìn mọ́ àfi kí ẹ ra odindi tuntun.

Ẹnu ìdajì tí wọ́n ń tà káàkiri sábà máa ń fẹ̀ tó 51 mm. Ọrùn ọ̀kadà kékeré kì í sábà ju nǹkan bíi 25 sí 32 mm lọ. Òrùka tín-ín-rín kan máa ń wà nínú páálí tó ń dín ẹnu náà kù sí 38 mm, ṣùgbọ́n àlàfo ṣì kù. Àlàfo yìí ni àwọn kan ń fi páànù wé, tí àwọn mìíràn ń fi gọ́ọ̀mù sílíkóònù dí. Gọ́ọ̀mù náà á jó láàárín ọjọ́ díẹ̀, èéfín á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ jáde, ẹ ó sì máa gbọ́ pá-pá-pá nígbà tí ẹ bá dẹwọ́ tírọ́tù. Ohun tó tọ́ ni kí alájórin rọ páìpù kékeré kan tó wọ ọrùn dáadáa, kó sì bá ẹnu ìdajì mu.

Nǹkan kan tún wà tí ẹni tó ń gé e fún ìgbà àkọ́kọ́ kì í mọ̀: ọ̀pọ̀ ọrùn ló jẹ́ páìpù nínú páìpù. Tí ayùn bá kọjá tán, ẹ ó rí òrùka irin méjì, ọ̀kan nínú èkejì, àyè díẹ̀ sì wà láàárín wọn. Ti inú ni èéfín ń gbà. Tí ẹ bá kàn fún kílámpù mọ́ ti ìta, ti inú á máa mì, á sì máa ró wọ̀jọ̀wọ̀jọ̀ bí owó ẹyọ nínú agolo. Ẹ jẹ́ kí alájórin jó àwọn méjèèjì mọ́ra yíká ná.

Ihò ẹ̀yìn

Ibí ni owó àti sùúrù ti ń tán jù, ibí náà ni mo sì fẹ́ kí ẹni tó fẹ́ rà dúró sí pẹ́.

Ibi méjì ni sàlẹ́ńsà ti ń di ọ̀kadà mú. Níwájú, kọ́là kan wà tí nọ́ọ̀tì méjì fún mọ́ orí ẹ́ńjìnnì. Lẹ́yìn, bírákẹ́ẹ̀tì kan wà tí bọ́ọ̀tì gbé kọ́ férémù, nítòsí ibi tí èrò ń gbé ẹsẹ̀ lé. Bí iwájú bá jókòó dáadáa tí ihò ẹ̀yìn kò bá ti férémù mu, ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á ki sukudiráfà bọ ihò méjèèjì, wọ́n á fipá tẹ̀ ẹ́ wálé, wọ́n á sì fi bọ́ọ̀tì fà á mọ́ra. Ó máa wọlé. Ọ̀kadà á tún ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, sàlẹ́ńsà yẹn ti dà bí ọrun tí wọ́n fà tí wọn kò ta. Ẹ́ńjìnnì tó ní písítìnnì kan ṣoṣo kì í yé gbọ̀n, ooru ń na irin, òtútù ń sún un kì, gbogbo ìfà náà sì ń wá sórí ojú ìjórin tó wà lẹ́bàá kọ́là àti sórí sítọ́ọ̀dù méjèèjì, ìyẹn ọ̀pá irin kéékèèké tó yọ láti orí ẹ́ńjìnnì, tí nọ́ọ̀tì iwájú ń fún mọ́. Tí ojú ìjórin bá sán, wọ́n lè tún un jó. Tí sítọ́ọ̀dù bá kán sínú orí ẹ́ńjìnnì, ọ̀rọ̀ ti di ńlá.

Irin líle ni sítọ́ọ̀dù, alùmínì rírọ̀ ló sì yí i ká. Ẹni tó bá gbé díríìlì lé e láìkọ́kọ́ fi pọ́ńṣì sàmì sí àárín gangan, díríìlì á yọ̀ kúrò lórí irin, á bọ́ sínú alùmínì, ihò á sì wọ́. Bí kùkùté rẹ̀ bá ṣì yọrí díẹ̀, ẹ jẹ́ kí alájórin fi nọ́ọ̀tì lé e, kó jó wọn pọ̀ láti inú nọ́ọ̀tì náà. Ooru ìjórin fúnra rẹ̀ máa ń tú u, ẹ ó sì fi sípánà yí i jáde. Bó bá kán dọ́gba pẹ̀lú ojú alùmínì, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń lo léètì ló kù. Wọ́n lè sọ ihò M6 (6 mm) di M8 (8 mm), tàbí kí wọ́n fi eyín irin tuntun sínú ihò náà. Nígbà mìíràn, orí ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ kúrò lára ọ̀kadà kí wọ́n tó lè ṣe é. Owó iṣẹ́ yẹn lè ju owó sàlẹ́ńsà tuntun lọ.

Nítorí náà, ẹ gbé sàlẹ́ńsà àtijọ́ dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ tẹ́ òun àti tuntun sílẹ̀ lórí símẹ́ńtì tó tẹ́jú, kọ́là sí kọ́là. Ẹ fi téèpù wọn àárín kọ́là sí àárín ihò bírákẹ́ẹ̀tì lára méjèèjì. Ẹ wò wọ́n láti òkè, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ wò wọ́n láti ẹ̀gbẹ́, torí gígùn lè bára mu kí ọrùn sì yà sí òsì. Bí ìyàtọ̀ bá jẹ́ 2 tàbí 3 mm, fáìlì róbótó lè fẹ ihò náà. Bí bírákẹ́ẹ̀tì bá jìnnà sí férémù ní ìwọ̀n 5 mm, ẹ fi wásà dí i. Bó bá fi ju ìbú ìka kan lọ, ẹ fi sílẹ̀ fún ọlọ́jà. Orúkọ Boxer lórí páálí kò tó: ẹ béèrè bóyá BM100 ni tàbí BM150. Kí ẹ sì bá ọlọ́jà ṣàdéhùn pé ẹ lè dá a padà tí kò bá bá a mu, torí tí iná bá ti kan ọrùn rẹ̀ tó ti yí àwọ̀, kò sẹ́ni tó máa gbà á mọ́.

Ìdajì ní tirẹ̀ máa ń bá okùn irin pẹlẹbẹ wá, tí ẹ lè ká débi tó bá wù yín. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí ọlọ́jà sọ pé gbogbo ọ̀kadà ló wọ̀. Okùn náà kì í sábà dé ibi tí férémù ti lágbára, ọrùn tí ẹ gé ló sì wá ń ru ìwúwo ikùn. Lára àwọn ọ̀kadà kan, irin tí ìdúró ńlá (sítáàǹdì àárín) ń fara tì nígbà tó bá ká sókè, ara sàlẹ́ńsà ló wà. Tí ẹ bá gé ìyẹn náà kúrò, ìdúró á gòkè ju bó ṣe yẹ lọ, á sì máa gbá nǹkan lábẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọ̀kadà yín kí ẹ tó mú ayùn.

Dídè rẹ̀

Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti tutù pátápátá, ẹ fín WD-40 (òróró tó ń tú ìpẹtà) sí nọ́ọ̀tì méjèèjì níwájú. Láàárọ̀, ẹ lo sọ́kẹ́ẹ̀tì onígun mẹ́fà. Sípánà ẹlẹ́nu-yíya máa ń jẹ etí nọ́ọ̀tì tó ti dípẹtà. Nọ́ọ̀tì M6 ń gba 10, M8 ń gba 12 tàbí 13. Ẹ yí i díẹ̀ síwájú, díẹ̀ sẹ́yìn, ẹ tún fín in. Bí sítọ́ọ̀dù bá bá nọ́ọ̀tì jáde, kò burú: ẹ dè nọ́ọ̀tì méjì mọ́ra lórí rẹ̀, kí ẹ fi ti òkè yí i padà sínú ihò.

Nígbà tí ọrùn bá ti kúrò, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò orí ẹ́ńjìnnì. Òrùka gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀. Ó ti dúdú, ó ti lẹ̀ mọ́ ògiri ihò débi pé ẹ ó rò pé ara alùmínì ni. Ẹ fi sukudiráfà kékeré ha etí rẹ̀ títí tí bàbà tàbí irin dídán á fi yọ jáde, kí ẹ tó fa á kúrò jẹ́ẹ́jẹ́ láìha alùmínì. Ẹni tó bá ti tuntun lé àtijọ́ lórí, ọrùn rẹ̀ kò ní wọlé tó, ihò ẹ̀yìn ò sì ní bára mu. Á wá máa dá sàlẹ́ńsà tí kò ṣẹ̀ lẹ́bi.

Ẹ fi gírísì díẹ̀ mú gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun dúró nínú ihò. Ẹ gbé ọrùn wọlé, ẹ fi ọwọ́ lásán yí nọ́ọ̀tì méjèèjì. Ẹ ki bọ́ọ̀tì ẹ̀yìn bọ ihò rẹ̀. Ìka méjì ló yẹ kó tì í wọlé. Ẹ wá fún iwájú, ọ̀tún díẹ̀, òsì díẹ̀, kí kọ́là má baà wọ́. Nǹkan bíi 10 Nm tó fún M6; ẹni tí kò ní sípánà tó ń wọn agbára, kó lo sípánà kúkúrú pẹ̀lú ọwọ́ kan, láìfi páìpù gùn ún. Ẹ̀yìn ni ẹ máa fún kẹ́yìn. Ẹ nu òróró ọwọ́ yín kúrò lára rẹ̀ kí ẹ tó tanná, torí ooru á sun ojú ìka mọ́ ara irin títí láé.

Láti mọ̀ bóyá ó ń jò, ẹ bu omi ọṣẹ sí etí kọ́là nígbà tó ṣì tutù, ẹ tanná, kí ẹ fi àkísà dí ìdí sàlẹ́ńsà fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ìfófòó bá yọ, ẹ tún un fún. Èéfín díẹ̀ ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, òróró tó wà lára irin ló ń jó.

Ìyókù, ní ṣókí

Ariwo: ìdajì ju odindi lọ fíìfíì, ẹni tó ń gùn ún láti òwúrọ̀ dé alẹ́ ni etí rẹ̀ ń jẹ ẹ́. Bẹ́ ẹ bá sì máa jáde lọ́jọ́ Ojúde Ọba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e sún mọ́ ibi tí ẹṣin wà. Èrò pọ̀ jù níbẹ̀ fún ẹṣin láti ta.

Ooru: odindi ní páànù tó ń bo ikùn. Ìdajì kì í sábà ní, ó sì máa ń yọrí sókè. Àpò gàrí tí wọ́n dì sẹ́yìn láti Ìjẹ̀bú-Igbó á yọ́ mọ́ ọn, ojúgun èrò á bó.

Kábúrétọ̀: odindi kò béèrè nǹkan kan. Ìdajì ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ já gaara, epo tó ń bá afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnnì á sì kéré jù. Lẹ́yìn ìrìn gígùn, ẹ yọ plọ́ọ̀gì wò. Bó bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí tíì oníwàrà, ó dára. Bó bá funfun bí ẹfun, ẹ pààrọ̀ jẹ́ẹ̀tì ńlá: bí 95 bá wà níbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ dán 98 tàbí 100 wò.

Irin: ọlọ́jà á ní sìtéńlẹ́ẹ̀sì ni. Mágínẹ́ẹ̀tì nìkan kò tó ẹ̀rí, torí irú sìtéńlẹ́ẹ̀sì kan wà tí wọ́n fi ń ṣe sàlẹ́ńsà tí mágínẹ́ẹ̀tì ń lẹ̀ mọ́. Ẹ gbé e wò bóyá ó wúwo, ẹ mì í. Nǹkan kan kò gbọ́dọ̀ ró nínú rẹ̀.

Èwo ni kí ẹ rà

Méjèèjì ló ní ẹni tó yẹ. Ẹni tí ọrùn ọ̀kadà rẹ̀ ṣì le, tí ikùn nìkan ti bàjẹ́, tó ní alájórin tó mọṣẹ́ nítòsí, tí kì í gbé èrò, tí kì í di ẹrù, tó sì lè tún kábúrétọ̀ ṣe fúnra rẹ̀, ìdajì á ṣe é. Ẹni tó bá ń fi ọ̀kadà jẹun, tàbí tó ń bá a wọ oko, kó fi owó díẹ̀ kún un, kó ra odindi tí ihò ẹ̀yìn rẹ̀ bára mu.

Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, lẹ́yìn ọjọ́ méjì tàbí nǹkan bíi 50 km, tí ó bá ti tutù, ẹ padà fún nọ́ọ̀tì iwájú lẹ́ẹ̀kan sí i, torí gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun á ti rọra tẹ̀. Bí ẹ bá rí ihò tín-ín-rín kan lábẹ́ ikùn, ẹ má jẹ́ kí alájórin dí i. Lítà epo kan tó bá jó ń mú nǹkan bíi lítà omi kan jáde gẹ́gẹ́ bí oru, èyí tó bá sì dì padà sínú ikùn ní òwúrọ̀ tútù, ihò yẹn ló ń gbà jáde.