HP Z440 tòkunbọ̀ fún iṣẹ́ fídíò: ó ṣì tó rà, àmọ́ ẹ wo inú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó

Àwa oníṣẹ́ fídíò nílùú Òṣogbo ò tíì fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ yìí: ṣé ká ṣì máa ra workstation tòkunbọ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà alágbára fún iṣẹ́ ńlá, tó ń lo Xeon àtijọ́, processor tí Intel ṣe? HP Z440 ni mò ń lò ní ṣọ́ọ̀bù mi l'Ókè-Fìà, ẹ̀yìn àwọn tó ní ká rà á ni mo wà.

Xeon E5-1650 v3 (v3 ni ìran kẹta) ló wà nínú rẹ̀, ó jáde lọ́dún 2014, kọ́ọ̀ mẹ́fà ló ní. Lóṣù kẹjọ, tí iṣẹ́ ọdún Ọ̀ṣun bá wọlé wìtìwìtì, ó máa ń rẹ́ńdà, ìyẹn ni pé ó máa ń sọ iṣẹ́ tá a ti gé di fídíò tó parí, láti alẹ́ mọ́jú, kì í dákú. Ọwọ́ lásán la fi ń ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ ó rí ihò RAM mẹ́jọ, mẹ́rin lọ́tùn-ún processor, mẹ́rin lósì. RAM ECC ló ń gbà, irú tó ń tún àṣìṣe kéékèèké ṣe kó tó ba iṣẹ́ jẹ́. Tí eruku ọyẹ́ bá dí i, a ó fẹ́ ẹ dànù, ó parí. Láptọ́ọ̀pù tuntun tí wọ́n jó RAM mọ́ bọ́ọ̀dù rẹ̀, ta ló fẹ́ bá yín tún un ṣe?

Iná ló ń jẹ. 140 watt ni ti processor nìkan, ẹni tó ń lo ínfátà kékeré kó yáa jìnnà sí i.

Àwọn tó ní ká má rà á sọ pé ọjọ́ rẹ̀ ti pé, torí Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró ní October 14, 2025, Windows 11 ò sì gba Xeon yìí. Wọ́n tún ń tọ́ka sí SGI, ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó pa workstation rẹ̀ tó ń lo MIPS, irú processor mìíràn, tì lọ́dún 2006. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nígbà tí MIPS kúrò nídìí iṣẹ́ yìí, ètò tí wọ́n ń kọ fún un gbẹ. Àmọ́ x86-64 ni èdè tí processor Xeon yìí ń gbọ́, òun náà ló ṣì wà nínú Intel àti AMD tó ń jáde lónìí. Mo gbé Linux sí tèmi dípò Windows, Blender àti Kdenlive, ètò tí mo fi ń ṣe fídíò, ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ wẹ́rẹ́.

Ẹ má ra workstation àtijọ́ mìíràn tó ń lo Xeon v2 o, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Kò ní AVX2, àwọn àṣẹ inú processor tó ń mú ìṣirò yá, àwọn ètò fídíò tuntun sì ti ń béèrè rẹ̀. v3 tàbí v4 ni kẹ́ ẹ gbà, kí wọ́n tàn án lójú yín, kẹ́ ẹ sì ka orúkọ processor nínú BIOS, ètò tó máa ń ṣí kí Windows tàbí Linux tó wọlé, fúnra yín.