Àpótí ìdánwò omi ẹlẹ́kán: bó ṣe bá mi ṣe é nígbà tí ẹja wà nínú táǹkì tuntun

Bí ẹ bá ti kó ẹja sínú táǹkì tí kò tíì parí sáíkù (ìyẹn ni ìgbà tí bakitéríà ń pọ̀ sí i títí wọ́n á fi lè sọ amóníà, májèlé tó ń ti ara ẹja jáde, di náítíráìtì, kí wọ́n sì sọ ìyẹn di náítíréètì), ẹ má kàn fojú wo omi kí ẹ ní ó dáa. Omi á mọ́ gaara, ẹ ó máa rí òkúta ìdí táǹkì kedere, síbẹ̀ amóníà á ti pọ̀ nínú rẹ̀ débi tó lè ṣe ẹja léṣe. Nígbà tí ẹja bá fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ẹnu sókè wá mí, ó ti ń jìyà tipẹ́. Èmi ní danio (ẹja kéékèèké kan) mẹ́fà nínú táǹkì lítà 60, àpótí ìdánwò omi ẹlẹ́kán ni mo sì fi bá a yí láti ìbẹ̀rẹ̀ títí sáíkù fi parí. Mo ṣì ń lò ó. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni màá fún un, ẹ ó sì rí ibi tí ọ̀kan yẹn já sí.

Ti bébà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń rì bọmi rọrùn jù ú lọ, ó sì yá, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ni kò ní ibi tí wọ́n ti ń wo amóníà rárá. Amóníà yẹn gan-an la sì ń wá ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Inú àpótí náà ni ìgò kéékèèké wà fún pH (ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó), amóníà, náítíráìtì (NO2 ni wọ́n kọ sí i lára) àti náítíréètì (NO3), pẹ̀lú túùbù gíláàsì tí wọ́n fi ìlà sàmì sí níbi mílílítà 5, àti káàdì àwọ̀ kan. Ti amóníà gba ìgò méjì. Ẹ ó kán mẹ́jọ láti inú èkíní, mẹ́jọ láti inú èkejì, ẹ ó dé túùbù, ẹ ó mì í, ẹ ó sì dúró fún ìṣẹ́jú 5. Tí kò bá sí nǹkan kan nínú omi, yẹ́lò ló máa jẹ́. Bí amóníà bá ṣe ń pọ̀ sí i ló ń di àwọ̀ ewé. Ti náítíráìtì kò le, ẹ̀kán márùn-ún péré ni. Búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ ló ti ń bẹ̀rẹ̀, tó bá di àwọ̀ àlùkò, ẹ yáa wá bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ dorí ìgò kodò tààrà nígbà tí ẹ bá ń kán an. Tí ẹ bá dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀kán kan á tóbi ju èkejì lọ, iye tí ẹ máa rí kò sì ní ṣe é gbára lé.

Ọ̀dàlẹ̀ inú àpótí yìí ni ìgò kejì ti náítíréètì. Ohun tó wà nínú rẹ̀ máa ń wálẹ̀ dì sí ìdí ìgò. Ìwé ìlò ní kí a mì í fún ìṣẹ́jú àáyá 30 kí a tó kán an, kí a sì tún mi túùbù fún ìṣẹ́jú kan gbáko lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má rò pé àsọdùn ni. Èmi máa ń kọ́kọ́ fi ìdí ìgò náà gbá tábìlì kí ohun tó dì yẹn tú, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í mì í. Ẹni tó bá mì í wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ á rí yẹ́lò, á ní òun ò ní náítíréètì, bẹ́ẹ̀ ó wà níbẹ̀ wọ̀ǹtìwọnti. Nǹkan kan tún wà tí ìwé ìlò ò sọ: ìdánwò náítíréètì máa ń ka náítíráìtì mọ́ ọn. Nítorí náà, nígbà tí náítíráìtì bá ṣì ga, ẹ má gba pupa tí ẹ bá rí nínú túùbù náítíréètì gbọ́ pátápátá. Mi ò tiẹ̀ yọ ìgò náítíréètì síta nígbà náà. Ó di ìgbà tí náítíráìtì bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bẹ̀rù lásán, tí àwọn mìíràn sì ń fọkàn balẹ̀ níbi tí kò yẹ, ni iye amóníà. Àpapọ̀ ni àpótí yìí ń kà. Oríṣi méjì ni amóníà tó wà nínú omi, ọ̀kan ló ń pa ẹja, èkejì ò fi bẹ́ẹ̀ ní wàhálà, pH àti bí omi ṣe gbóná tó ló sì ń pín wọn. Ní 25°C, tí pH bá jẹ́ 7, èyí tó léwu kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Tí pH bá di 8, á ti tó bíi márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ ẹ̀ rí i pé 1 ppm (ìdá kan nínú mílíọ̀nù) ti ẹnì kan lè fi bí ìlọ́po mẹ́sàn-án le ju 1 ppm ti ẹlòmíràn lọ. Torí náà, ìgò pH tí àwọn kan ń pa tì sí igun àpótí, òun ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ ṣí. Oògùn omi tí a fi ń pa kilorínì náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí: àwọn kan nínú wọn máa ń de amóníà mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n àpótí yìí á ṣì kà á. Tí omi ẹ̀rọ yín bá sì jẹ́ èyí tí wọ́n fi kilorámínì (kilorínì tí wọ́n pò mọ́ amóníà) sí, oògùn yẹn á já a, amóníà díẹ̀ á ṣẹ́kù. Ẹ dán omi ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ mọ ohun tí ẹ ń dà sínú táǹkì.

Bí mo ṣe lò ó rèé. Láràárọ̀, kí n tó fún ẹja lóúnjẹ, mo máa ń wo amóníà àti náítíráìtì, màá ro méjèèjì pọ̀. Tó bá ti tó 0.5 ppm, omi máa jáde. Ìṣirò rẹ̀ ò le: tí ẹ bá pààrọ̀ ìdajì omi, ìdajì ló máa kù nínú túùbù. Tó bá jẹ́ 1, á di 0.5, tó bá jẹ́ 2, ẹ máa ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn kan á ní tí a bá ń pààrọ̀ omi lemọ́lemọ́, sáíkù ò ní parí. Mi ò gbà. Ara fóòmù inú fíltà àti ara òkúta ni bakitéríà ń gbé, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń léfòó nínú omi. Túùbù náà jẹ́rìí sí i: pẹ̀lú gbogbo omi tí mo ń dà nù, amóníà rọra ń rẹlẹ̀ sí i ní àràárọ̀, náítíráìtì sì gba ipò rẹ̀. Èyí tí ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí ẹ fi omi ẹ̀rọ fọ fóòmù yẹn. Omi tí ẹ bá fà jáde láti inú táǹkì ni kí ẹ fi ṣàn án.

Ìgbà náítíráìtì ló pẹ́ jù, òun ló sì ń dán sùúrù wò. Ó máa ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ ẹja, á sọ ẹ̀jẹ̀ di bíráùn, ẹ̀jẹ̀ náà ò wá ní lè gbé atẹ́gùn kiri mọ́, débi pé ẹja á máa wá atẹ́gùn nínú omi tí atẹ́gùn kún inú rẹ̀. Iyọ̀ lásán díẹ̀ máa ń ràn wọ́n lọ́wọ́, torí kiloráìdì inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí náítíráìtì ráàyè wọlé níbi tí ẹja fi ń mí. Gbogbo ẹja kọ́ ló fara mọ́ iyọ̀ o, ẹ wádìí ti yín. Tí àwọ̀ bá ti dé òpin káàdì, ẹ da omi táǹkì àti omi mímọ́ pọ̀ ní ìdajì-ìdajì, ẹ dán an wò, kí ẹ wá fi méjì sọ ọ́ di púpọ̀. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ò ní mọ̀ bóyá 5 ni tàbí 15.

Ó wá ku ẹjọ́ tí mo ní. Káàdì àwọ̀ yẹn ò dáa. Bébà rẹ̀ ń dán, yẹ́lò ti 0 àti ti 0.25 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, pàápàá lábẹ́ gílóòbù tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ́n. Ọgbọ́n tí mo dá ni pé mo ń ṣe túùbù kejì pẹ̀lú omi tí kò ní nǹkan kan nínú, màá gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níwájú bébà funfun, lójú fèrèsé. Tí wọ́n bá jọra, ọkàn mi balẹ̀. Ìdérí túùbù náà máa ń jò tí a bá mì í, ohun tó wà nínú ìgò kejì ti amóníà sì le, ó lè jó awọ ara. Ẹ má fi ìka dí ẹnu túùbù, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé dé ibẹ̀. Tí ẹ bá parí, ẹ má da á padà sínú táǹkì.

Èkejì, kò sí ìdánwò KH (èròjà inú omi tí kì í jẹ́ kí pH já wálẹ̀) níbẹ̀, ọ̀tọ̀ ni mo ra tèmi. Bakitéríà ń jẹ KH bó ṣe ń jẹ amóníà. Tí KH bá tán, pH á já wálẹ̀, tó bá sì fi lọ sísàlẹ̀ 6, sáíkù á fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró. Ẹ ó kàn rí i pé amóníà ò lọ mọ́, ẹ ò sì ní mọ ìdí. Àpótí tó bá ní òun ń ṣọ́ táǹkì tuntun yẹ kó ní i.

Ẹni tí ojú rẹ̀ kì í fi ìyàtọ̀ sáàárín àwọ̀ ewé àti yẹ́lò kó má dáwó lé èyí. Kó wá ẹ̀rọ tó ń ka àwọ̀ fúnra rẹ̀, tàbí kó máa fi túùbù han ẹlòmíràn nínú ilé.