Onefile àbí onedir: èwo ni kó o fi di ápù Python ẹ?

Tó o bá fẹ́ fi PyInstaller di script ẹ fún àwọn tí ò ní Python lórí kọ̀ǹpútà wọn, wàá yan ọ̀kan nínú méjì: --onefile, fáìlì kan ṣoṣo, àbí --onedir, odindi fódà. Onefile lèmi kọ́kọ́ fẹ́ràn, ó mọ́ lójú, o fi ránṣẹ́, ó tán.

Ibi tó ti jẹ mí lówó nìyí o. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ṣí onefile ló máa ń tú ẹrù ẹ̀ sínú fódà tẹ́ńpù kan tó ní _MEI níwájú orúkọ, tí wọ́n bá sì ti pa ápù, á pa fódà yẹn rẹ́. (Tí ápù bá kú lójijì, fódà yẹn á jókòó síbẹ̀ máa jẹ àyè.) Èmi wá lọ kó dátábéèsì SQLite mọ́ àwòrán àti fọ́ọ̀ntì, mò ń fi sys._MEIPASS (ohun tó ń sọ ibi tí fódà yẹn wà fún kódù) wá a, ó ń ṣiṣẹ́ lójú mi. Kọ́sítọ́mà fi odindi ọjọ́ kan tẹ àkọsílẹ̀ ẹ̀ sí i, ó ṣí i lọ́jọ́ kejì, òfìfo! Mo tiẹ̀ bá a jiyàn kí n tó rí i pé inú ilé tí wọ́n ń wó lálaalẹ́ ni mo kó ẹrù ẹlẹ́rù sí. Mo dá owó ẹ̀ padà.

Ti onedir, ibi tó o bá kó fáìlì sí ló máa wà. Látorí PyInstaller 6.0, lọ́dún 2023, inú fódà kékeré kan tó ń jẹ́ _internal ni wọ́n ń wà, sys._MEIPASS sì ń tọ́ka síbẹ̀, kódù kan náà á ṣiṣẹ́ nínú méjèèjì. Ṣá má kọ "data/logo.png" lásán, ibi tí wọ́n ti pe ápù nìyẹn máa wò, kì í ṣe ibi tí ápù wà. Ohun tí èèyàn bá sì máa kọ nǹkan sí, fódà tẹni tó ń lò ó ni kó o fi sí, onedir náà ò yọ ẹ́ nínú ìyẹn, àmọ́ tó o bá gbàgbé, ó kéré tán wàá rí fáìlì ẹ lọ́jọ́ kejì.

Ìyára: onedir, torí kò sí títú ẹrù. Wíwá fáìlì tó sọnù: ṣí fódà, wò ó. Fífi ránṣẹ́: onefile, kò sí àríyànjiyàn. Antivirus lè fura sí méjèèjì. Zipapp, ìyẹn kódù Python tí wọ́n síìpù sínú fáìlì kan, ńkọ́? Ó ṣì nílò Python, open() lásán ò sì lè wọnú síìpù, àfi importlib.resources, irinṣẹ́ Python tó ń ka fáìlì tó bá kódù wá.

Méjèèjì dáa o, ohun tó o fẹ́ ṣe ló máa sọ. Tó bá jẹ́ irinṣẹ́ kékeré tí kì í tọ́jú nǹkan kan, lo onefile. Ápù mẹ́ta ni mo ti dì látìgbà yẹn, onedir ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo kàn ń síìpù fódà ẹ̀ ni.